Résumé kì í ṣe resume: yíyan ìwé ìwáṣẹ́ fún ẹni tó fi Faransé kàwé

Ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa, bí olùkọ́ bá ní kí a mú résumé wá, kò sí ẹni tí yóò béèrè ohun tó ń wí. Ìdajì ojú ìwé tàbí ojú ìwé kan ni, tó sọ kókó iṣẹ́ wa, tí a ó fi sí iwájú tàbí ẹ̀yìn mémúà. Ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà bá kọ ọ́ sínú ìpolówó pé kí a fi resume ránṣẹ́, ìwé ìwáṣẹ́ ló ń béèrè. Bí yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà kan náà bá sì ní CV ni òun fẹ́, CV tó ń wí yìí kì í ṣe èyí tí a ń tẹ̀ ní Kútọnu tàbí Àjàṣẹ́, tí a ń kó pọ̀ mọ́ ẹ̀dà ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ méjì ni, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n ń tọ́ka sí ju méjì lọ.

Àwọn tó ń ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí sábà máa ń ní CV gùn, resume kúrú. Òótọ́ ni fún Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n kò ran ẹni tó kàwé ní Faransé lọ́wọ́. Ó tilẹ̀ lè ṣì í lọ́nà. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé ìbéèrè tí ìwé kọ̀ọ̀kan ń dáhùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. CV ń dáhùn ìbéèrè pé: kí lo ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di òní? Resume ń dáhùn pé: nínú gbogbo ohun tó o ti ṣe, èwo ló kan iṣẹ́ wa yìí?

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ sì ni. Àyè iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ìjọba kò tó iye àwa tó ń gba oyè ọ̀mọ̀wé. Iṣẹ́ wà níta fún onímọ̀ èdè tó gbọ́ Yorùbá: ètò Fulbright FLTA máa ń gbé olùkọ́ èdè lọ sí yunifásítì Amẹ́ríkà fún ọdún ẹ̀kọ́ kan, Yorùbá sì wà lára àwọn èdè rẹ̀; àwọn ilé-iṣẹ́ ògbufọ̀ wà; àwọn tó ń kó ohùn àti ọ̀rọ̀ jọ láti fi kọ́ kọ̀ǹpútà ní èdè náà wà. Láti bí ọdún mẹ́ta, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi láti Kétu, Ṣábẹ̀ àti Àjàṣẹ́ ń gbé ìwé wọn wá fún mi pé kí n bá wọn tún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe. Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà jẹ́ ìṣòro. Ìwé tí wọ́n kọ gan-an ni kì í ṣe ìwé tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá

Látìn ni curriculum vitae. Currere ni "sáré". Curriculum ni eré sísá tàbí ọ̀nà tí a ti ń sá a. Vitae ni "ti ìgbésí ayé". Àwọn ará Jámánì tú u ní tààrà, wọ́n ń pe ìwé náà ní Lebenslauf. Résumé ní tirẹ̀ wá láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé résumer, tí òun náà wá láti Látìn resumere, "gbà padà, mú padà". Gẹ̀ẹ́sì yá a lọ́wọ́ Faransé pẹ̀lú ìtumọ̀ àkékúrú, Amẹ́ríkà sì wá fi í sọ orúkọ ìwé ìwáṣẹ́.

Faransé kò bá wọn lọ síbẹ̀. Ní Paris gẹ́gẹ́ bí ní Kútọnu, CV ni ìwé ìwáṣẹ́, résumé sì dúró sí ibi àkékúrú tó wà tẹ́lẹ̀. Ní Kánádà pàápàá, àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ń lo resume, àwọn tó ń sọ Faransé ní Quebec ń lo CV. Ọ̀rọ̀ Faransé wá di ohun tí gbogbo ènìyàn ń lò fún nǹkan kan àyàfi àwọn tó ni ọ̀rọ̀. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò tẹ̀lé Amẹ́ríkà: CV ni wọ́n ń pè é fún iṣẹ́ gbogbo, ti báńkì àti ti yunifásítì, Nàìjíríà sì gba èyí lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí àwa ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń pè é ní sé-vé, àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó kàwé ní Ìbàdàn ń pè é ní sí-fí. Yorùbá kò ní kọ́ńsónáǹtì v, ìdí nìyẹn tí video fi di fídíò. Ṣùgbọ́n ọmọ Àjàṣẹ́ tó gbọ́ Gùn láti kékeré ti ní v lẹ́nu kí Faransé tó dé bá a. Ẹni tó bá ń wá kókó mémúà lórí ọ̀rọ̀ àyálò lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ìwé tí orúkọ kan náà ń bò

Ní Amẹ́ríkà, CV jẹ́ ti yunifásítì àti ti ìwádìí. Gbogbo nǹkan ló ń wọ inú rẹ̀: àpilẹ̀kọ tí a ti tẹ̀, èyí tí wọ́n ṣì ń yẹ̀ wò, ìwé tí a kà ní àpérò, kọ́ọ̀sì tí a ti kọ́ni, owó ìrànwọ́ tí a rí gbà, iṣẹ́ inú oko ìwádìí, àwọn tó lè jẹ́rìí wa. Kò ní ìwọ̀n ojú ìwé. Ó ń dàgbà pẹ̀lú ẹni tó ni ín. Resume jẹ́ ti gbogbo iṣẹ́ yòókù: ojú ìwé kan fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, méjì fún ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

CV tiwa ńkọ́? Ojú ìwé kan tàbí méjì. Òkè rẹ̀ ni état civil: ọjọ́ ìbí, ibi ìbí, orílẹ̀-èdè, ó ti ṣègbéyàwó àbí kò tíì ṣe, ọmọ mélòó. Lẹ́yìn náà ìwé-ẹ̀rí láti CEP títí dókè, iṣẹ́ tí a ti ṣe, èdè tí a gbọ́, ohun tí a fi ń najú. Ọ̀pọ̀ ń parí rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn pé a fi iyì wa jẹ́rìí sí i pé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìfọwọ́sí.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ní gígùn, CV Kútọnu bá resume Amẹ́ríkà dọ́gba. Ní ìlànà, CV Amẹ́ríkà ló jọ, torí pé ó ń to gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láìwo iṣẹ́ tí a ń wá. Ìwé kẹta ni, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn méjì yòókù tó lè bọ́ sí ipò rẹ̀. Ẹni tó bá fi ojú ìwé méjì yìí ránṣẹ́ sí yunifásítì Amẹ́ríkà nítorí pé wọ́n kọ CV sínú ìpolówó yóò dà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan: àpérò mẹ́rin tó lọ kò sí níbẹ̀, kọ́ọ̀sì tó fi ọdún méjì kọ́ni di ìlà kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fi í ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ògbufọ̀ tó béèrè resume yóò fi CEP àti iye ọmọ rẹ̀ gba àyè tó yẹ kó fi sọ ohun tó ti tú.

Kíké kúrú àti ṣíṣà

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ Faransé ti ń ṣì wá lọ́nà jù. Ẹni tó kàwé ní Faransé bá rí resume, ó gbọ́ résumé, ó sì ṣe ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ ọ láti ṣe sí résumé: ó mú èyí tó gùn, ó ké e kúrú ní ìwọ̀n kan náà láti òkè délẹ̀. Résumé tó dára fún mémúà gbọ́dọ̀ fi gbogbo orí mémúà hàn ní kékeré. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí resume, a ti bà á jẹ́.

Ká ní ẹnì kan ti gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní Kétu fún iṣẹ́ máàsítà rẹ̀, ó ti kọ́ ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Faransé ní Pobẹ̀, ó ti ka ìwé ní àpérò kan, ó ti bá ẹgbẹ́ ìlera kan tú ìwé ìkìlọ̀ láti Faransé sí Yorùbá, ó sì ti ka ìròyìn ní rédíò ìlú wọn. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ló ń wá. Bó bá ké e kúrú, nǹkan márààrún yóò ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣà á, ògbufọ̀ ìwé ìlera yóò wà lókè pẹ̀lú ìlà mẹ́rin: láti èdè wo sí èwo, irú ìwé wo, mélòó, ta ló kà á lẹ́yìn rẹ̀ kó tó jáde. Ìròyìn rédíò yóò tẹ̀lé e, nítorí pé ẹni tó ń ka ìròyìn Yorùbá ń tú ìwé Faransé lójoojúmọ́, bí wọn kò tilẹ̀ pè é ní ògbufọ̀. Ohùn gbígbà ní Kétu yóò ní ìlà kan. Àpérò lè má sí níbẹ̀ rárá.

Bí ẹni kan náà bá wá ń wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó ohùn jọ fún kọ̀ǹpútà, Kétu ni yóò gòkè: ẹ̀rọ tó lò, bó ṣe gba ìyọ̀ǹda àwọn tó sọ̀rọ̀, bó ṣe kọ ohùn sílẹ̀ pẹ̀lú àmì, sọ́fítíwíà wo, Praat àbí ELAN. Ìgbésí ayé kan ni, resume méjì. Fún CV kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ni, kì í yí padà nítorí ẹni tó ń kà á, àfi pé a lè gbé ìsọ̀rí kan ṣáájú òmíràn.

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá tún ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ka ìwé kí ènìyàn tó kà á. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìpolówó ni ẹ̀rọ náà sábà ń wá. Bí wọ́n bá kọ "transcription", tí ẹ sì kọ "annotation" nítorí pé òun ni olùdarí yín fẹ́ràn, ẹ ti fi ara yín pamọ́. Tábìlì alárà púpọ̀ àti àwòrán lè da ìwé rú mọ́ ọn lójú.

Ta ló ṣe é?

Ìyàtọ̀ gírámà kan wà tí ó yẹ kí ó dùn mọ́ àwa onímọ̀ èdè. CV Faransé ń fi ọ̀rọ̀-orúkọ sọ̀rọ̀: collecte de données, traduction de documents, encadrement d'étudiants. Resume Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ̀rẹ̀ ìlà, láìsí olùwà: recorded, translated, trained. Nínú ti Faransé, iṣẹ́ kan wáyé, a sì wà nítòsí. Nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, olùwà kò hàn, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ìwé nìkan ló lè jẹ́.

Yorùbá lè ṣe bíi Faransé ní ìrọ̀rùn pẹ̀lú àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀: ìkójọ ohùn, ìtúmọ̀ ìwé, ìkọ́ni. Kò lè ṣe bíi Gẹ̀ẹ́sì. Bí mo bá kọ "Kó ohùn àwọn àgbà jọ" láìsí olùwà, mo ti pàṣẹ fún ẹni tó ń kà á. Agbanisíṣẹ́ yóò rò pé èmi ni mo fẹ́ gbà á síṣẹ́. Bí ilé-iṣẹ́ Yorùbá kan bá béèrè resume ní Yorùbá lọ́jọ́ kan, a ó ní láti yan ìsọdorúkọ tàbí kí a máa kọ "mo" sí iwájú ìlà kọ̀ọ̀kan. "Mo" ni èmi yóò yàn, bó tilẹ̀ dùn bí ìyangàn létí.

Ìyangàn yìí gan-an ni wàhálà fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Oríkì ẹni, ẹlòmíràn ló ń kì í. Ilé-ẹ̀kọ́ Faransé tún fi nous kún un: nínú mémúà, ẹni tó dá nìkan lọ sí oko ìwádìí, tó dá nìkan sùn níbẹ̀ oṣù méjì, yóò kọ ọ́ pé nous avons enquêté. Nígbà tí a bá gbé nous yìí wọ resume, tí a kọ ọ́ pé "a" kó àkójọ-ọ̀rọ̀ kan jọ, ẹni tó ń kà á kò mọ̀ bóyá àwa la ṣe é tàbí a kàn ru ẹ̀rọ tẹ̀lé olùkọ́. Ohun tó ń béèrè nìyẹn. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni kẹta nínú ẹni márùn-ún, ẹ sọ ohun tí ọwọ́ yín nìkan ṣe, kí ẹ sì sọ pé iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni. Kò sí ìyangàn níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó jọra, tí kò bára tan

Àwọn ọ̀rẹ́ èké tí a ń kọ́ nípa wọn nínú kọ́ọ̀sì ògbufọ̀ pọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí ju ibòmíràn lọ. Stage wa kì í ṣe stage wọn: pèpéle ni tiwọn, internship ni wọ́n ń pe tiwa. Licence dà bí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lójú wọn. Ẹ kọ bachelor's degree, kí ẹ fi Licence sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bó ṣe wà lórí ìwé-ẹ̀rí. Mémoire ń di memoir, ìyẹn ìwé tí ènìyàn fi sọ ìtàn ayé ara rẹ̀.

Èyí tó léwu jù ni professeur. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni professeur. Ní Amẹ́ríkà, olùkọ́ yunifásítì ni professor. Mo ti rí i nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà ní ọdún 27 tó kọ pé òun jẹ́ "Professor of French" ní ìlú kékeré kan ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Kò purọ́ rárá, ó tú ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó kà á lókè òkun kò ní mọ̀ pé ìtumọ̀ ló ṣẹlẹ̀. Irọ́ ni yóò pè é, ìwé yòókù kò sì ní rí ojú rere mọ́. Teacher ló yẹ kó kọ. Vacataire kò ní ẹlẹgbẹ́ kan pàtó. Part-time lecturer sún mọ́ ọn.

Máàkì náà nílò olùtúmọ̀. 14 nínú 20 jẹ́ mention Bien, ohun tí a fi ń dúpẹ́ nílé. Ará Amẹ́ríkà tó bá sọ ọ́ di 70 nínú 100 yóò kà á sí máàkì ẹni tó kàn gbìyànjú. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di ìdá ọgọ́rùn-ún. Ẹ kọ Bien, kí ẹ sì kọ ipò tí ẹ ṣe nínú ẹgbẹ́ yín bí ìwé bá wà tó fi hàn.

Orúkọ, ojú, ọjọ́ orí

Lórí ìwé tiwa, orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá. Lókè òkun, èyí tó ṣáájú ni wọ́n ń rò pé a sọ ọmọ. Ẹni tó bá kọ ADECHINA ṣáájú yóò gba lẹ́tà tó kí i ní "Dear Adechina". Ìyẹn kò pa ènìyàn, ṣùgbọ́n bí ìwé-ẹ̀rí bá ní ètò kan, tí fọ́ọ̀mù sì ní òmíràn, wọ́n lè sọ ẹnì kan di méjì. Bákan náà ni Adéchina àti Adéṣínà: orúkọ kan ni lójú wa, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Èyí tó wà lórí ìwé ìrìnnà ni kí ẹ lò ní òkè ìwé. Bí ẹ bá ti fi sípẹ́lì Yorùbá tẹ àpilẹ̀kọ jáde, CV gígùn ní àyè láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ yọ fọ́tò, ọjọ́ ìbí àti ìgbéyàwó kúrò nínú ohun tó ń lọ sí Amẹ́ríkà. Òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964 kò gbà kí agbanisíṣẹ́ wo ẹ̀yà, àwọ̀, ẹ̀sìn, akọ tàbí abo, tàbí orílẹ̀-èdè tí ènìyàn ti wá. Òfin 1967 fi ọjọ́ orí kún un fún ẹni tó ti pé ogójì ọdún. Òfin kò ní kí ẹ má lẹ fọ́tò, ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sọ pé òun rí i. Ilẹ̀ Faransé gbìyànjú tiwọn: òfin 2006 ní kí ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa gba CV tí kò ní orúkọ, ìjọba kò gbé àṣẹ ìmúṣẹ rẹ̀ jáde, nígbà tó di 2015 wọ́n sọ ọ́ di ìfẹ́-inú. Fọ́tò ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ CV wọn, ó sì wà lórí tiwa.

Nàgó àbí Yorùbá?

Ìlà tó yẹ kó gbà wá síṣẹ́ ni a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú jù: ìlà èdè. "Nagot: lu, écrit, parlé." Ẹni tó ń wá olùtúmọ̀ Yorùbá ní Chicago kò mọ ohun tó ń jẹ́ Nagot. Àkójọ ISO 639-3 pàápàá yà wá sọ́tọ̀: Yorùbá ní yor, Ṣábẹ̀ ní cbj, Nàgó ti gúúsù ní nqg, Ifẹ̀ ti agbègbè Atakpamé ní Tógò ní ife. A lè jiyàn lórí ìpín yìí nínú kíláàsì, mo sì ní èrò tèmi nípa rẹ̀. Lórí resume, ẹ kọ Yorùbá, nítorí pé òun ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń wá, kí ẹ fi ẹ̀ka-èdè yín tẹ̀lé e, nítorí pé òótọ́ ni.

"Èdè ìyá mi" náà kò tó. Ọ̀pọ̀ wa gbọ́ Yorùbá látinú ilé, ṣùgbọ́n Faransé ni ilé-ẹ̀kọ́ fi kọ́ wa láti kàwé. Àwọn kan lára wa ń sọ èdè náà ju bí olùkọ́ Ìbàdàn ṣe ń sọ ọ́ lọ, síbẹ̀ wọn kò lè fi àmì ohùn sórí ojú ìwé kan láìṣe àṣìṣe. Ilé-iṣẹ́ ògbufọ̀ fẹ́ mọ èyí tí ẹ jẹ́. Bí ẹ bá lè kọ Yorùbá àjùmọ̀lò pẹ̀lú àmì, ẹ sọ ọ́ ní ìlà kan gbòógì. Ẹni tó gbọ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọn kò pọ̀.

Bí èmi ṣe ń yàn

Fáìlì kan wà tí mi ò fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Gbogbo nǹkan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ wà. Inú rẹ̀ ni mo ti ń fa CV gígùn yọ fún yunifásítì àti owó ìwádìí lókè òkun. Inú rẹ̀ ni mo ti ń ṣà resume. Inú rẹ̀ ni CV ojú ìwé méjì fún ìdíje iṣẹ́ nílé ti ń jáde, pẹ̀lú état civil àti ìfọwọ́sí. Ẹni tó fẹ́ dúró sí yunifásítì ní ilẹ̀ wa yóò nílò fáìlì yìí fún CAMES, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968 tí ó sì fìdí kalẹ̀ sí Ouagadougou, nígbà tó bá ń wá orúkọ rẹ̀ sórí LAFMA tàbí LAFMC. Wọ́n ń fẹ́ ẹ̀rí fún ohun tí a kọ, ìwé ẹ̀rí àpérò ọdún mẹ́fà sẹ́yìn kì í sì rọrùn láti rí mọ́.

Bí ìpolówó bá kọ CV, ẹ wo ẹni tó kọ ọ́ kí ẹ tó wo ọ̀rọ̀ náà. Yunifásítì Amẹ́ríkà: ti gígùn. Ilé-iṣẹ́ ní London tàbí Èkó: ojú ìwé méjì, ẹ ṣà á bíi resume, CV ni kí ẹ pè é. Àjọ àgbáyé tó ní ọ́fíìsì ní Kútọnu lè kọ ìpolówó ní Gẹ̀ẹ́sì kí ará Bẹ̀nẹ̀ sì jẹ́ ẹni tí yóò kà á. Níbẹ̀ mi ò lè mọ̀ láti òkèèrè, mo máa ń kọ ìlà méjì sí àdírẹ́sì tí wọ́n fún wa, mo béèrè ojú ìwé mélòó ni wọ́n fẹ́ àti bóyá kí n fi àkójọ àpilẹ̀kọ mi kún un.